Ẹja Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Jẹ

Ẹja kan ṣoṣo ló wà nílé Akínbọ̀dé ní Addo, ní Ajah l'Ékòó, orúkọ rẹ̀ sì ni Alága. Láńre, àkọ́bí ilé náà, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ibikíbi tí ẹja yẹn bá ti wọlé, àárín ló ń jókòó sí, òun ni gbogbo ojú ń wò, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan rí. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ni, ó tóbi, wọ́n ká a bí òrùka, wọ́n fi igi tín-ínrín gún orí rẹ̀ mọ́ ìrù. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Rẹ̀míláyọ̀, ìyàwó Akínbọ̀dé, rà á. Òní ti di Sátidé, Alága ṣì wà láyé. Ẹ má bi mí bóyá ẹja gbígbẹ máa ń wà láyé. Ẹja tó ń wọnú ọbẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń jáde láìfarapa, kí lẹ fẹ́ ká pè é?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Rẹ̀míláyọ̀ á tẹ́ ẹní sílẹ̀, á gbé ẹ̀bà sínú abọ́ kan, ọbẹ̀ ilá sínú èkejì, Alága á gùnwà láàárín ilá. Tọkọtaya àtọmọ á jókòó yí i ká bí ará oko ayé àtijọ́, òfin ayé àtijọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jẹun: ọmọdé kì í fọwọ́ kan ẹja kí àgbà tó fún un, ìyàwó kì í mú tirẹ̀ ṣáájú ọkọ, àgbà tó bá lójútì kì í jẹ ẹ́ láìṣẹ́ kù fọ́mọ. Àwọn ọmọ á wá máa dúró de bàbá wọn. Bàbá á ní, "Ìyá Láńre, mú tìẹ ná." Ìyá á ní, "Ó tì o, ẹ fún àwọn ọmọ." Àwọn ọmọ á ní, "Ẹ ṣeun, a ti yó." Ẹ̀bà á tán, ilá á tán, á wá ku Alága nìkan bí èrò tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ á yọ ọ́, á ṣàn án, á gbé e sórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù kó lè gbẹ, ó di ọjọ́ kejì.

Àwọn ará ilé tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá á máa mi orí. "Wo ilé tí wọ́n ti mọ àṣà," ni Clement, ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Abọ́ kan náà ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Wo àwọn ọmọ yẹn, wọn ò tiẹ̀ wo ẹja!" Irọ́ ni. Ojú Láńre kì í kúrò lára ẹja yẹn, kódà tó bá ń gbàdúrà. Àṣà wo sì ni Clement ń wí? Ebi ni, ebi tó wọ agbádá. Omi ló yí Ajah ká, ọ̀sà níbí, òkun lọ́hùn-ún, ẹja wá di ohun tí èèyàn ń fi ojú jẹ. Bí o bá bi oníẹja, á ní epo tí ọkọ̀ ojú omi ń mu ló wọ́n. Bí o bá bi elépo, á ní dọ́là ni. Dọ́là ò sì gbé Addo, ká lọ ká a mọ́lé. Inú ń bí mi o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, fóònù Akínbọ̀dé dún. Ilé ló wà. Iṣẹ́ àwọn tó ń lẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ ilé ló ń ṣe, sáìtì tí wọ́n ti ń lò ó ní Lẹ́kkí Free Zone sì ti dúró. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa lọ sílé ná, òun á pè wọ́n. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún, Akínbọ̀dé á fò sí i bí ológbò tó rí eku. Kì í ṣe ọ̀gá sáìtì ló pè. Ó fetí sí i, ó ní, "Ẹ kú ìrìn sà. Ẹ máa bọ̀ sà," ó wá gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyá Láńre, Bàbá ń bọ̀."

"Bàbá wo?"

"Bàbá mi. Wọ́n ti wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ti kọjá Ẹ̀pẹ́."

Rẹ̀míláyọ̀ wà nídìí máṣíìnì rẹ̀, ó ń tún yunifọ́ọ̀mù ọmọ oníbàárà kan ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Máṣíìnì dúró.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí wọ́n lọ sílé fún Kérésì, ní abà wọn lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, Bàbá Ọdúnjọ, bàbá Akínbọ̀dé, di apá Tolúwani mú níwájú gbogbo ẹbí. Tolúwani ni àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin ni, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Bàbá fi ìka wọn yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká, ìka sì kan ara wọn. "Kí lẹ fi ń bọ́ ọmọ yìí ní Èkó?" ni wọ́n wí. "Ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ tí mo bá wá, tí mo bá ebi nínú ilé yín, Tolúwani ń bá mi bọ̀ wálé. Oúnjẹ ń ṣòfò lóko wa." Gbogbo ẹbí ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé Bàbá Ọdúnjọ kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n má mú un ṣẹ.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba Rẹ̀míláyọ̀. Tolúwani ló ń bá a fi òwú sójú abẹ́rẹ́, torí ojú tirẹ̀ ti ń ṣú. Tolúwani ló ń jókòó tì í nídìí máṣíìnì, tó ń ròyìn gbogbo ilé fún un láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kí wọ́n mú Tolúwani lọ? Kí wọ́n kúkú wá gé òun lápá kan, kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Ìjẹ̀bú.

"Kí la fẹ́ fún wọn jẹ?" ni Rẹ̀míláyọ̀ bi ọkọ rẹ̀.

"Ohun tó wà nílẹ̀ náà ni. Gààrí wà. Ilá wà."

"Àti Alága."

"Àti Alága," Akínbọ̀dé dáhùn, ó ń wo ilẹ̀.

"Bàbá Láńre, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn lórí fóònù pé adìyẹ là ń jẹ lọ́jọọjọ́ Àìkú?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Pé ẹja là ń wò?"

"Ẹ ò bá sọ pé a wà pa! Ta ló bi yín ní adìyẹ? Ẹnìkan kí i yín, 'Ṣé dáadáa ni?', ẹ wá ń ka adìyẹ!"

"Èmi ni ọmọ wọn tó wà l'Ékòó," Akínbọ̀dé fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí. "Kí ni kí n sọ?"

Rẹ̀míláyọ̀ ká yunifọ́ọ̀mù náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí nǹkan fi dún "kẹ́!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Gbogbo wọn yíjú. Láńre ló dúró síbẹ̀, ọmọkùnrin gíga tí ṣòkòtò rẹ̀ ti kéré sí i lẹ́sẹ̀, ìrù Alága wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kù nínú Alága wà nílẹ̀, ó ti dá sí méjì.

"Mò ń nu eruku ara rẹ̀ ni," Láńre wí.

Rẹ̀míláyọ̀ gba ìrù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Eyín lo fi ń nu eruku?"

"Màámi, ó kàn..."

"Láńre! Ó ku wákàtí díẹ̀ kí bàbá àgbà yín wọlé! Bí wọ́n bá rí ẹja tó fọ́ wẹ́wẹ́ báyìí, wọ́n á mọ̀ pé ó ti rìnrìn àjò. Wọ́n á mú àbúrò rẹ lọ, ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Láńre wo Tolúwani. Omi gba ojú rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ebi ló ń pa á. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Rẹ̀míláyọ̀ kó èkìrí ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì máṣíìnì. Ó wò wọ́n. Ó wo abẹ́rẹ́. Ó tún wò wọ́n. Aránṣọ ni, ó ti tún ṣòkòtò tí ajá fà ya ṣe rí, ó sì ti sọ agbádá ọkùnrin kan di bùbá ọmọ mẹ́ta.

"Tolúwani, bá mi fi òwú sí i."

Òwú búlúù tó ṣẹ́ kù lára yunifọ́ọ̀mù yẹn nìkan ló wà nílẹ̀. Tolúwani lá ẹnu òwú, ó fi sójú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Rẹ̀míláyọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rán orí mọ́ ikùn. Ó rán ikùn mọ́ ìrù. Ó fi ọwọ́ rán an wẹ́wẹ́wẹ́, ó ń fi òwú pa mọ́ sábẹ́ awọ. Ó pẹ́ tí aṣọ kan ti gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Akínbọ̀dé dúró lé e lórí. "Ṣé o máa fi síìpù sí i ni?"

"Ẹ lọ gbálẹ̀, Bàbá Láńre."

Nígbà tó parí, ó gbé e sókè. Alága ti padà di òrùka. Ó tiẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ gbọ́ mi," Akínbọ̀dé wí fún gbogbo ilé. "Bàbá mi ló kọ́ mi ní òfin tí à ń lò yìí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé, ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn. Wọn ò ní jẹ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá jẹ, díẹ̀ ni."

"Ibi tí díẹ̀ yẹn wà ni òwú wà," Rẹ̀míláyọ̀ dáhùn.

Ọ̀sán pọ́n kí Bàbá Ọdúnjọ tó dé. Tọmọtìyá kúnlẹ̀, tọmọtibàbá dọ̀bálẹ̀. Àpò kan wà léjìká Bàbá, iṣu mẹ́ta yọrí lókè rẹ̀, erùpẹ̀ bò wọ́n dẹ́dẹ́.

"Ẹ gbà, iṣu oko wa rèé," Bàbá wí. "Mo ní n má wá lọ́wọ́ òfo."

"Ẹ ṣeun o, Bàbá wa! Ẹ ò ní ráhùn!" Rẹ̀míláyọ̀ fẹ́ gba àpò náà, Bàbá fà á sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n fúnra wọn gbé e sí kọ̀rọ̀. Ó rí i pé àmì ẹfun kan wà lórí iṣu kọ̀ọ̀kan. Ó tún rí i pé orí Bàbá wà lófo. Bàbá Ọdúnjọ kò jáde láìdé fìlà rí láyé wọn, kódà tí wọ́n bá ń lọ wẹ̀ lódò.

"Bàbá, fìlà yín dà sà?"

"Atẹ́gùn ọkọ̀ ló gbé e lọ. Ẹ fún mi lómi."

Bàbá mu ife omi kan. Wọ́n mu èkejì. Wọ́n wá wo yíká yàrá, Rẹ̀míláyọ̀ sì mọ̀ pé àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ilé yìí mà dùn o," ni wọ́n wí. "Ara yín yá! Láńre, ìwọ ti ń sanra jù."

Láńre wo ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òpópónà.

"Tolúwani náà tóbi. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èèyàn mọ̀ pé adìyẹ wà nílé yìí." Bàbá ń sọ ọ́ kíákíá, wọn ò sì fi ìka yí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ká. "Ṣé oúnjẹ wà nílẹ̀? Kì í ṣe pé ebi ń pa mí o. Mo kàn fẹ́ bá yín jẹun ni."

Rẹ̀míláyọ̀ tẹ́ ẹní. Nígbà tí Bàbá rí ẹní nílẹ̀ àti abọ́ kan ṣoṣo, inú wọn dùn gan-an, wọ́n ní ta ló sọ pé Èkó ba ọmọ jẹ́. Wọ́n wẹ ọwọ́. Alága wọlé, ó jókòó sáàárín ilá, ojú rẹ̀ kọ sí òkè.

Bàbá Ọdúnjọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹ̀yin ará, wọ́n jẹun! Òkèlè ń lọ, òkèlè ń bọ̀, ẹ̀bà ń ya lulẹ̀ bí etí odò. Akínbọ̀dé kò tíì rí i kí bàbá rẹ̀ jẹun báyẹn rí. Ní tiwọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ, wọ́n á máa sọ̀tàn sí i. Òní, kò sí ìtàn. Rẹ̀míláyọ̀ wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, ó rí i pé egungun ọrùn Bàbá ti yọ. Kò tíì rò ó jìnnà tí ọwọ́ Bàbá fi nà sí Alága.

Gbogbo ẹnu dúró. Bàbá bu díẹ̀ létí ẹja, wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n dúró. Wọ́n fi ìka méjì fa nǹkan létè. Ó ń bọ̀. Wọ́n tún fà á. Ó tún ń bọ̀. Búlúù ni.

"Ilá yìí mà fà o," Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," Rẹ̀míláyọ̀ dáhùn. "Ilá Ẹ̀pẹ́ ni."

Bàbá ń fà á lọ. Ó gùn, ó kọjá àyà, ó kan orúnkún. Alága fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú abọ́, torí orí òwú kan náà ni gbogbo ara rẹ̀ wà. Akínbọ̀dé pa ojú dé.

"Irùngbọ̀n ẹja yìí náà tún gùn," Bàbá wí.

"Bàbá àgbà," Tolúwani wí, "irùngbọ̀n ẹja kì í ṣe búlúù."

"Ti Èkó ni. Gbogbo nǹkan Èkó ló ní àwọ̀." Bàbá bá ká òwú náà jọ, wọ́n tì í sínú òkèlè ńlá kan, wọ́n ti ilá bọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ata ni.

Tolúwani fò sókè. "Yéè! Bàbá àgbà gbé òwú Màámi mì! Òwú tí mo fi sójú abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí, tí Màámi fi rán Alága nígbà tí Bọ̀dá Láńre jẹ ìrù rẹ̀!"

Ṣé ẹ rí ọmọ tí ìyá ń tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà? Òun náà ló tú àṣírí.

Rẹ̀míláyọ̀ kúnlẹ̀ lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní ilá lára.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ ohun tí ẹ sọ ní Kérésì. Òótọ́ ni, ebi wà nílé yìí, kò sí adìyẹ, ẹja kan là ń wò láti ọ̀sẹ̀ yìí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má mú ọmọ mi lọ."

"Ta ló sọ̀rọ̀ ọmọ?" Bàbá wí kíákíá. "Èmi ò rí nǹkan kan. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ẹja dùn. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Akínbọ̀dé la ojú. "Bàbá, ẹ má fi ojú fò wá. Ẹ ti rí i. Ọ̀rọ̀ yín lọ̀rọ̀ yín, ó sì sàn kí ọmọ wà níbi tí oúnjẹ wà. Tolúwani, lọ kó ẹrù rẹ."

"Bàbá Láńre!"

"Ìyá Láńre, kí la fẹ́ fún un jẹ lọ́la? Òwú?"

Rẹ̀míláyọ̀ bú sẹ́kún. Láńre náà bú sẹ́kún, ó ń pariwo pé òun ni, òun ni, kí wọ́n mú òun lọ dípò rẹ̀. Bàbá Ọdúnjọ jókòó sáàárín wọn, wọ́n ń wo abọ́, òógùn ń sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn tí kò ní fìlà. Tolúwani jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù kan tó fi kó aṣọ méjì àti bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Bàbá àgbà, mo ti ṣetán. Ṣé adìyẹ wà lóko yín?"

Bàbá tún ṣa òkèlè kan.

"Ẹ kúulé o!"

Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti kékeré, ẹni tó ń jẹun gbọ́dọ̀ pe ẹni tó bá dé bá a. Bàbá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ wá bá wa jẹun," ni wọ́n wí.

"Á gba ibi ire o," ni ẹni náà dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Afusat ni, obìnrin tó ń gbé yàrá iwájú, tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì Addo. Fìlà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá Láńre, ẹ bá mi wò ó, mo ń wá bàbá àgbàlagbà kan tó... Háà! Bàbá! Ẹ̀yin náà rèé!"

Bàbá Ọdúnjọ tẹ orí ba.

"Fìlà yín rèé, sà. Orí iṣu lẹ gbàgbé rẹ̀ sí nígbà tí ẹ̀ ń yan tiyín. Mo sáré pè yín, ẹ ò gbọ́." Afusat yíjú sí Rẹ̀míláyọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá yìí, wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ fún mi títí! Mo nu iṣu fún wọn, wọ́n ní rárá o, wọ́n ní kí n bá wọn wá èyí tó ní erùpẹ̀ lára dáadáa, kó lè jọ ti oko!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Afusat wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí iṣu rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹfun tó fi ń sàmì sí ọjà rẹ̀. Ó rí ẹja tó ń so rọ̀ lórí òwú búlúù.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo sọ?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Irọ́ ilé yìí ò tiẹ̀ débì kan. Láti ẹ̀bá títì dé orí ẹní ni.

"Bàbá," Akínbọ̀dé wí jẹ́jẹ́, "oko ńkọ́?"

"Oko wà." Bàbá gba fìlà, wọn ò dé e, wọ́n ń yí i lọ́wọ́. "Ọ̀nà rẹ̀ ni kò sí. Àwọn ajínigbé ti gba ojú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń débẹ̀ mọ́ láti ìgbà òjò. Èyí tó wà nítòsí abà, màlúù jẹ ẹ́ tán."

"Ẹ̀yin lẹ ní oúnjẹ ń ṣòfò lóko!"

"Ó ń ṣòfò náà. Ṣé màlúù kì í ṣe òfò?" Bàbá gbé ojú sókè, wọ́n wo Rẹ̀míláyọ̀. "Ìyàwó wa, èmi ò wá mú ọmọ kankan. Nígbà tí mo rí òwú yẹn, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní tí mo bá fi lè rí ebi nínú ilé yìí, mo gbọ́dọ̀ mú un lọ, torí mo ti sọ ọ́ níwájú ẹbí. Ibo ni mo fẹ́ mú un lọ? Mo bá gbé òwú mì." Wọ́n wo abọ́ ilá. "Èmi ni mo wá jẹun. Ẹ ní adìyẹ lẹ̀ ń jẹ."

Rẹ̀míláyọ̀ dìde. Ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó gbé iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí àpò. Aṣọ Bàbá ló wà nísàlẹ̀: bùbá mẹ́rin, ṣòkòtò, aṣọ ìbora, Bíbélì, àti ìdì orín kan. Gbogbo ẹrù wọn láyé ni. Bàbá ti kó jáde nílé tán, iṣu ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Rẹ̀míláyọ̀, ó sì yà á lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi máṣíìnì mú. Láńre tẹ̀ lé e. Afusat ń bèèrè pé kí ló dé, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Akínbọ̀dé nìkan ló fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, a ò sì mọ èyí tó ń ṣe, ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

"Tolúwani, lọ dá aṣọ rẹ padà," Rẹ̀míláyọ̀ wí nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Bá Bàbá àgbà kó tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Afusat, wọlé wá jókòó, ìwọ lo ni iṣu tí a máa jẹ lọ́la."

Afusat ní á gba ibi ire. Bàbá Ọdúnjọ ní kó dákẹ́ ibi ire, kó wá wẹ ọwọ́. Ó wẹ̀ ẹ́.

Wọ́n tún yí abọ́ ká. Alága dùbúlẹ̀ sáàárín ilá, ó ti tú, ìrù rẹ̀ ti lọ síbi kan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Akínbọ̀dé wo ìyàwó, ìyàwó wo àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ní àwọn ti yó.

"Ta ló kọ́ yín níyẹn?" Bàbá bèèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà," Akínbọ̀dé dáhùn.

Bàbá gbé ojú kúrò lára ẹja. "Ìyá mi ló kọ́ èmi. Wọ́n so itan ìgalà kan mọ́ òkè àdògán nínú ilé ìdáná wa. Bí a bá fẹ́ jẹun, a ó ṣa òkèlè, a ó ti ọbẹ̀ bọ̀ ọ́, a ó wá nà án sí itan yẹn lókè, a ó ní, 'A rí ọ o,' ká tó gbé e mì. A máa ń sọ pé ó dùn. Àwọn àlejò á ní àwa ọmọ yẹn mà gbẹ́kọ̀ọ́ o."

"Ìgbà wo lẹ wá jẹ ẹ́?" Láńre bèèrè.

"Ọjọ́ tí bàbá mi kú ni wọ́n sè é fún àwọn tó wá kí wa. Kò kàn mí." Bàbá wo Akínbọ̀dé, ọmọ wọn, onítáìsì tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. "Mo wá sọ fún ara mi pé ọmọ tèmi ò ní jẹun báyẹn láé."

Akínbọ̀dé ti abọ́ sún mọ́ bàbá rẹ̀.

Bàbá na ọwọ́ sí Alága, wọ́n sì fà á ya. Orí, tó jẹ́ ti àgbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n fún Tolúwani. Ìrù, wọ́n ní kí Láńre parí eruku tó ń nù. Ibi tó nípọn jù, wọ́n gbé e fún Rẹ̀míláyọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán aṣọ ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Wọ́n fún Akínbọ̀dé. Wọ́n fún Afusat, ó tún ní á gba ibi ire, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti kún. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohùn kankan nínú yàrá náà ju ti egungun ẹja lọ. Láńre ń jẹ tirẹ̀ tòun tẹkún.

Tolúwani ló kọ́kọ́ wo abọ́. Ilá ló kù níbẹ̀ àti òwú.

"Bàbá àgbà, tiyín dà?"

Bàbá Ọdúnjọ dé fìlà wọn. Wọ́n ṣa òkèlè kan, wọ́n ti ilá bọ̀ ọ́ dáadáa. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n nà án sí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, níbi tí Alága ti máa ń gbẹ ara rẹ̀. Irin náà ṣófo. Wọ́n ní, "A rí ọ o," wọ́n sì gbé òkèlè náà mì.

"Ṣé ó dùn?" Tolúwani bèèrè.

Bàbá rò ó wò, wọ́n lá ètè.

"Ó dùn," ni wọ́n wí. "Iyọ̀ rẹ̀ ló kù díẹ̀."